Ẹní Àgékù Aṣọ Tí A Rán ní Accra

Táìlì ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo ilẹ̀ ilé ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní Madina, ní ìhà àríwá ìlú Accra. Ó funfun, ó ń dán, ó tutù, ó sì le bí òkúta. Ọmọ wa ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ nígbà tí a dé ibẹ̀ nínú oṣù Kẹta ọdún 2025. Ó ti ń rákò, ó ti ń di àga mú dìde, ṣùgbọ́n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó padà. Ńṣe ló máa ń ju ara rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó dá a lójú pé tìmùtìmù ń dúró dè é. Kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀ nílé wa n'Íbàdàn, a kò sì mọ̀ pé kápẹ́ẹ̀tì yẹn ló ń bá wa tọ́ ọmọ. Ọjọ́ kejì tí a dé Madina ni orí rẹ̀ kọ́kọ́ lu táìlì. Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ.

Kì í ṣe nítorí ọmọ la ṣe rìnrìn àjò náà o. Màmá wa la sìn wá. Accra ni wọ́n bí wọn sí lọ́dún 1957, ọdún tí Ghana gba òmìnira, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Lagos Town nígbà náà, èyí tó ń jẹ́ Accra New Town báyìí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí wọn, aṣọ ni wọ́n ń tà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi Ghana sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìnísà, Ṣakí tàbí Ìlọrin, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ìtàn yìí nílé yín. Ọmọ ọdún méjìlá ni Màmá nígbà tí wọ́n gun lọ́rì padà sílé, wọn kò sì fojú kan Accra mọ́ fún ọdún márùndínlọ́gọ́ta.

Ní ọjọ́ kẹta a mú wọn lọ sí New Town. A sọ̀kalẹ̀ nítòsí ọjà Mallam Atta, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Màmá ń lọ níwájú, wọ́n ń yà sí ọ̀tún, wọ́n ń padà, wọ́n ń dúró. Wọ́n bá àgbàlagbà kan tó ń ta iṣu sọ̀rọ̀ ní Twi, èdè tí a kò mọ̀ pé ó ṣì kù lẹ́nu wọn. A kò rí ilé náà. Ibi tí wọ́n rò pé ó wà ti di ilé alájà tí wọ́n ń ta nǹkan fóònù nísàlẹ̀ rẹ̀. A ń retí pé wọn á sunkún. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n wo ilẹ̀ ìloro ṣọ́ọ̀bù náà pẹ́, wọ́n ní, "Símẹ́ńtì ni tiwa. Ìyá mi rán ẹní kan sílẹ̀ fún àbúrò mi tó ń rákò. Àgékù aṣọ ló fi rán an. Nígbà tí à ń lọ, kò sí àyè fún un nínú lọ́rì."

A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹní yìí rí, àwa tí a rò pé a ti gbọ́ gbogbo ìtàn Ghana tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá rán wa lọ wá àgékù. Àwọn ni wọ́n dá a, kì í ṣe àwa. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká má yọ ara wa lẹ́nu, pé ẹní fóòmù aláwọ̀ mèremère tó ní lẹ́tà A, B, D wà ní ilé ìtajà ńlá. A mọ irú rẹ̀. Àwọn lẹ́tà yẹn máa ń yọ, ọmọ a sì máa ge fóòmù náà jẹ. Tí ẹ bá ní èyí nílé, ẹ yẹ etí rẹ̀ wò, ẹ ó rí ojú eyín.

Obìnrin Fante kan ló ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù onígi kékeré lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò náà, pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Àǹtí, àwa náà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a ní àgékù la wá tọrọ, ó fi ẹsẹ̀ ti àpò ńlá kan jáde lábẹ́ tábìlì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń kó irú rẹ̀ dànù. Àǹkárá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àǹkárá Ghana, yálà ti GTP tí wọ́n ń tẹ̀ ní Tema tàbí ti ATL tí wọ́n ń tẹ̀ ní Akosombo, ló ní orúkọ tí àwọn ìyá ọjà mọ̀ ọ́n sí. Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n ń fa àgékù yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn àti Àǹtí sì ń pe orúkọ wọn. Èyí tó ní ojú onígun mẹ́fà bí ẹ̀yìn ìjàpá ni akyekyedeɛ akyi, ìtumọ̀ rẹ̀ náà sì ni ẹ̀yìn ìjàpá. Èyí tó kún fún ẹ̀kán tó ń yí òbìrìkìtì ni nsubura, kànga. Òmíràn ń jẹ́ ahwene pa nkasa, ìlẹ̀kẹ̀ gidi kì í pariwo. Màmá ní ìyá àwọn a máa kígbe orúkọ wọ̀nyí lójú ọjà. Àwọn Akan tilẹ̀ ní orúkọ fún aṣọ tí a fi àgékù àǹkárá rán pọ̀: nsaasawa ni wọ́n ń pè é.

Fífọ̀ la fi bẹ̀rẹ̀. Má ṣe ge àgékù tí o kò tíì fọ̀: àǹkárá tuntun ní gọ́ọ̀mù lára, òmíràn a máa ṣí àwọ̀, òmíràn a sì máa sún kì nínú omi, bẹ́ẹ̀ ẹnu ni ọmọ máa kọ́kọ́ fi bá ẹní náà pàdé. Ọṣẹ dúdú ni Àǹtí fún wa. Wọ́n ń pè é ní alata samina níbẹ̀, Alata sì ni orúkọ tí wọ́n ti ń pe àwọn ará ìhà ọ̀dọ̀ wa láti ayé àtijọ́. Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní wọ́n lé àwọn lọ, wọ́n fi ọṣẹ sílẹ̀.

A gé páálí wàrà ní ínǹṣì mẹ́fà sí ínǹṣì mẹ́fà, òun la sì fi ń wọn gbogbo àgékù. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta la gé, tí yóò jẹ́ mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní òró. Tí ẹ bá fi ààbọ̀ ínǹṣì rán etí kọ̀ọ̀kan, ínǹṣì márùn-ún ni yóò kù lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ yóò sì jẹ́ ogójì ínǹṣì, nǹkan bíi mítà kan. Ọmọ tó ń rákò lè yí gbiri lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tò ó sílẹ̀ kí ẹ tó rán an, kí aṣọ kan náà má baà jókòó ti ara wọn. Wákàtí kan gbáko la fi jiyàn lórí èyí. Àǹtí fẹ́ kí pupa pọ̀ láàárín, Màmá fẹ́ kí ìjàpá wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọmọ sì ń rákò kọjá lórí gbogbo rẹ̀, ó ń kó nsubura lọ.

Ẹ rán an ní ọ̀wọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ, ẹ lọ ojú ìrán dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ wá rán àwọn ọ̀wọ́ náà pọ̀. Maṣíìnì ọlọ́wọ́ ni a lò, áyọ́ọ̀nù eléèédú sì ni, nítorí náà nígbà tí dumsor dé lọ́sàn-án, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀, iṣẹ́ kò dúró.

Àwòrán tí a lẹ̀ mọ́ ọn ni Àǹtí fi han wa pé ọmọ Fante lòun. Àwọn Fante etíkun ní ẹgbẹ́ jagunjagun àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Asafo, àsíá wọn sì kún fún ẹja, ìgalà, ọkọ̀ ojú omi àti ènìyàn tí wọ́n gé láti ara aṣọ tí wọ́n sì rán mọ́ ojú àsíá, àwòrán kọ̀ọ̀kan ń sọ òwe kan. Àǹtí gé ẹja láì yà á sórí ìwé rárá. Ó gé ẹyẹ. Ó rán wọn mọ́lẹ̀ ní wọ́gọwọ̀gọ láti etí dé etí, kí ìka ọmọ má lè tú u. Ó fẹ́ fi bọ́tìnnì ṣe ojú ẹja, a ní rárá. Bọ́tìnnì, ìlẹ̀kẹ̀ àti ṣẹ́kẹ́rẹ́ kékeré kò ní iṣẹ́ kankan lórí ẹní ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Páálí roboto tó máa ń wà láàárín tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ la fi ń dán an wò: ohunkóhun tó bá lè gba inú rẹ̀ kọjá lè há ọmọ lọ́fun. Òwú dúdú la fi rán ojú ẹja náà. Ní etí ẹní, a ki rìbọ́nù kúkúrú sáàárín ìrán, a ṣẹ́ ẹ po kí orí rẹ̀ méjèèjì wọnú aṣọ, nítorí ọmọ fẹ́ràn láti máa fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò gùn ju ìka wa lọ, kò sì lè yí ọmọ lọ́rùn.

Ibi tí a ti ṣàṣìṣe ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àpò Ghana-must-go tí a fi kó ẹrù wá la tú palẹ̀ ránṣẹ́ sí Àǹtí. Ojú wa là á pé a gbọ́n: omi kò ní wọ̀ ọ́, ó sì pa wá lẹ́rìn-ín pé àpò tí orúkọ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ghana tí Nàìjíríà lé lọ́dún 1983 jáde ni a máa fi rán ẹní ní Accra fún ọmọ ọmọ ẹni tí Ghana lé lọ́dún 1969. Àǹtí mi orí, ó ní yóò yọ̀. A ní kó rán an. Alẹ́ ọjọ́ tí a tẹ́ ẹ sórí táìlì, ọmọ di àga mú, ó dìde, ẹní náà sì sáré lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n da òróró sílẹ̀. Ẹnu ló fi lulẹ̀. Ètè rẹ̀ bẹ́, ẹ̀jẹ̀ kan ìjàpá igun kan. Kò ju kékeré lọ, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó sùn. Àwa ni a kò rí oorun sùn. Ọgbọ́n àpọ́nlé la gbé sábẹ́ ọmọ.

Ní ilẹ̀ mímọ́, a gba Kantamanto lọ. Ẹni tó bá mọ Katangúà l'Ékòó, kí ó fi sọ́kàn, kí ó sì fẹ̀ ẹ́ lójú. Aṣọ òkìrìkà ni gbogbo rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní obroni wawu, aṣọ òyìnbó tó ti kú. Àjọ The Or Foundation tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ pé aṣọ bíi mílíọ̀nù 15 ló ń wọ ọjà náà lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n ń pè ní kayayei ń ru bẹ́ẹ̀lì lórí gba àárín èrò kọjá, ẹrù náà sì ga ju àwọn fúnra wọn lọ. Iná ńlá jó ọjà yìí ní òru ọjọ́ kìn-ínní ọdún 2025, oṣù méjì péré ṣáájú kí a tó dé. Pákó tuntun la ń rí níbi tí wọ́n ti tún ìsọ̀ kọ́, òórùn igi tútù sì ń bá ti aṣọ àlòkù jà. A ra jíǹsì ọkùnrin méjì tó tóbi àti tówẹ̀lì ńlá méjì. Ìyá tó tà á fún wa bi wá ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí a sọ fún un, ó fi tówẹ̀lì kejì dín owó fún wa.

Tówẹ̀lì méjì náà wọ àárín, jíǹsì wọ ìsàlẹ̀. Jíǹsì nípọn, kì í yọ̀ bí ọ̀rá. Àǹtí kò sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kàn tú gbogbo ìsàlẹ̀ náà, ó rán an lákọ̀tun, ó yí i síta láti ojú ihò tó fi sílẹ̀, ó sì rán ihò náà pa. Lẹ́yìn náà ó rán ìlà la gbogbo rẹ̀ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ojú méjì méjì, kí tówẹ̀lì inú má baà ṣù jọ bí a bá fọ̀ ọ́. A ka píìnì. Ogún la lò, mọ́kàndínlógún la rí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ títí tí Màmá fi rí ìkẹyìn lábẹ́ ojú ẹja. Ẹní eré ni o, kì í ṣe ti oorun: bí ọmọ bá ti sùn, ẹ gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú, kí ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la ká lọ, ẹ̀gbọ́n wa ní ká fi ẹní náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọmọ tirẹ̀. Ó ní a ó rán òmíràn bí a bá délé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá, a sì ti fẹ́ gbà. Màmá ti ká ẹní náà, wọ́n ti fi ìdí lé e lórí.

Wọ́n ní, "Ọ̀kan ti ṣẹ́kù síbí rí. Èyí á bá mi lọ."

Ẹ̀gbọ́n wa kò jiyàn. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ bá Àǹtí. Kò pẹ́ tó fi wọ́ àpò àgékù mìíràn bọ̀, Màmá sì ní ká wá páálí wàrà yẹn fún àwọn.