Ooru Erékùṣù Jẹ́bà àti Ìwé tí Mo Bá Bàbá Kọ

 Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti bi mí léèrè pé èé ṣe tí n kò fi lọ sí ilé nígbà tí mo gba ìsinmi ọjọ́ mọ́kànlélógún lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 2024, tí mo sì kó ìyàwó àti ọmọ mi méjì lọ sí àárín àwọn Tápà ní erékùṣù Jẹ́bà. Mo ń dáhùn nítorí pé mo rí ohun kan níbẹ̀ tí ó kan gbogbo àwa tí a ń gbé ilẹ̀ tí kì í ṣe ti baba wa.

Àwa òṣìṣẹ́ rélùwéè kò lè pe Jẹ́bà ní ilẹ̀ àjèjì. Ọdún 1909 ni ojú irin láti Èkó dé etí Odò Ọya níbẹ̀, ọdún 1916 ni wọ́n sì ṣí afárá tí ó gba orí erékùṣù náà kọjá. Kí afárá tó wà, ọkọ̀ omi ni wọ́n fi ń kó ọkọ̀ ojú irin sọdá. Púpọ̀ nínú àwọn baba wa bá ojú irin yìí dé Jẹ́bà, Mínà àti Kánò, wọn kò sì padà mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Tápà kì í ṣe àlejò sí wa. Ìtàn wa ni ó sọ pé ọmọ ọba Tápà ni ìyá Ṣàngó, ọ̀dọ̀ wọn ni Igúnnukó ti wá, orúkọ Ọya aya Ṣàngó ni a sì fi ń pe odò tí ó yí erékùṣù wọn ká.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ bíbí erékùṣù náà, ni ó gbà wá sí ilé. Ọjọ́ 25 oṣù Mẹ́ta ni a dé. Ẹ̀yin náà kò ní gbàgbé ooru ọdún náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Mẹ́rin, ooru dé ìwọ̀n 48.5 ní ìlú Kayes ní ilẹ̀ Mali. Ti Jẹ́bà kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sun inú yàrá. Àárín òkè olókùúta ni erékùṣù náà wà. Òkúta a máa mu oòrùn ní ọ̀sán, a sì máa bì í jáde ní òru. Ìta ni gbogbo wa ń tẹ́ ẹní sí, àgbà àti èwe, tí a ó máa retí atẹ́gùn láti ojú omi títí di ìdájí.

Inú oṣù àwẹ̀ ni èyí bọ́ sí. Àwọn tí ó gbà wá lálejò kò fi omi kan ẹnu láti ìdájí títí oòrùn yóò fi wọ̀, síbẹ̀ ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ń dúró ti iná ní ọ̀sán gangan láti se ìrẹsì àti ẹja fún àwọn ọmọ mi. Nígbà tí ìyàwó mi ní kí ó jẹ́ kí òun máa se é, ó ní, "Ìyá, àlejò mi ni yín. Ọjọ́ tí mo bá dé Mínà, ẹ ó se tèmi." Kò sí ọ̀kan nínú wa tí ó tún lè ráhùn nípa ooru mọ́.

Níbẹ̀ ni mo ti bá Bàbá pàdé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ọdún 1967 ni rélùwéè gbé e wá sí Jẹ́bà láti máa tún ojú irin ṣe, ó sì fẹ́yìn tì síbẹ̀. Ó sọ fún mi bí odò ti rí kí wọ́n tó dí i ní Kàìnjì ní ọdún 1968. Ẹ̀ẹ̀mejì ni odò ń kún lọ́dún nígbà náà. Omi òjò tiwa, tí ó pọ́n fún ẹrẹ̀, ń dé ní òpin òjò; omi dúdú tí ó mọ́ gaara, tí ó ti rìn láti òkè Guinea gba Mali kọjá, ń dé nínú ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí òjò. Láti ìgbà tí wọ́n ti dí odò, tí wọ́n sì tún dí i ní Jẹ́bà fúnra rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, àwọn tí ń ṣọ́ ìdídò ni ó ń pinnu ìgbà tí omi yóò kún àti ìgbà tí yóò fà.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni pé àkọ́bí Bàbá ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ní òun ń bọ̀ wá fi mọ́tò kó o lọ sí ilé. Ọmọ náà kò ṣe burúkú. Ooru ń pa àwọn arúgbó, Bàbá sì ti ṣubú lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú oṣù Kejì. Ọmọ wo ni yóò gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí yóò máa sùn? Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìjà ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, Bàbá pè mí, ó ní, "Akọ̀wé, bá mi kọ ìwé. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, òun náà yóò máa sọ̀rọ̀. Ìwé kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ènìyàn lẹ́nu."

Mo mú bírò. Ó ní kí n kọ ọ́ pé ara òun le. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun gba owó tí ó fi ránṣẹ́. Mo rán an létí pé àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ó wò mí, ó ní, "Ta ni ó sọ fún ọ pé àjò ni mo wà?" Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ títí bírò fi fẹ́ gbẹ lọ́wọ́ mi. Ó wá nawọ́ sí igi máńgòrò kan lẹ́yìn ilé, ó ní, "Kọ ọ́ pé obìnrin tí ó bu omi fún mi fún ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ń bẹ lábẹ́ igi yẹn. Kọ ọ́ pé n kò bá a jà." Ọdún 2019 ni ìyàwó rẹ̀, ọmọ Tápà, kú. Mo kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́, n kò fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un.

Ọjọ́ kejì ọdún ìtúnu àwẹ̀ ni ọmọ náà dé, ìwé náà wà nínú àpò rẹ̀. Ó sun ìta pẹ̀lú wa fún òru mẹ́ta. Ó rí i bí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń bu omi tutù wá fún Bàbá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn, àti bí ọ̀rẹ́ mi ti ń jí lóru láti gbọ́ bóyá ó ń mí dáadáa. Ní òwúrọ̀ kẹrin, ó dọ̀bálẹ̀ fún baba rẹ̀, ó sì dá nìkan wọ mọ́tò lọ. Wọ́n ti jọ fohùn ṣọ̀kan pé ní Kérésìmesì Bàbá yóò wá kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ilé. Ó lọ lóòótọ́, ó ṣe ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì padà sí Jẹ́bà.

Ẹ̀yin ará, gbogbo ìgbà tí àgbà kan bá kú láàárín wa ni a ń dá owó láti gbé òkú rẹ̀ lọ sí ilé, ohun rere sì ni. N kò ní kí a má ṣe é mọ́. Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ ni pé kí a máa bi àwọn àgbà wa léèrè nígbà tí ẹnu wọn ṣì lè dáhùn, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ má baà máa jà lórí pósí. Ẹni tí ó bá wí pé Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí Ọ̀fà, tàbí Ìjẹ̀bú, kí a gbé e lọ. Ẹni tí ó bá sì wí pé ibi tí òun wà yìí ni, kí a má pè é ní ẹni tí ó sọnù.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi bí ọmọkùnrin lẹ́yìn tí a padà dé. Ó wá sí Mínà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó mi sì ti san gbèsè ìrẹsì àti ẹja. Ẹ bá wa yọ̀. Kí Ọlọ́run fi òjò tútù tẹ̀lé ooru wa, kí ó sì dá ẹ̀mí gbogbo wa sí.