Àìsàn Tí Gíní-pìgì Ń Fi Pamọ́

Ẹran tí gbogbo ayé ń lépa kì í jẹ́ kí ọ̀tá mọ̀ pé ara òun kò yá. Báyìí ni Ẹlẹ́dàá ṣe dá gíní-pìgì. Lórí òkè Andes, ní ilẹ̀ Peru àti Bolivia, níbi tí wọ́n ti ń sìn ín láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, èyí tó bá ń tiro ni ẹyẹ apẹran máa ń kọ́kọ́ gbé. Ìdí nìyí tó fi ń jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan, títí ara yóò fi kọ̀ fún un pátápátá. Lónìí ó wà nínú kéèjì lẹ́yìn ilé níhìn-ín ní Onitsha, kò sí àṣá tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ kò tíì fi ìwà náà sílẹ̀. Àwọn ọmọdé tó ń sìn ín a máa wá sọ fún mi pé, “Bàbá, àná ló ṣì ń ṣeré o, àárọ̀ yìí la bá a tó ti kú.” Mo gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àná ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀.

Ìgbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ má jẹ́ kó rí yín lára. Ìgbẹ́ gíní-pìgì tí ara rẹ̀ dá máa ń gùn díẹ̀, ó máa ń le, gbogbo rẹ̀ a sì dọ́gba. Ó ń pọ̀ lójoojúmọ́ débi pé ẹni tó ń gbálẹ̀ kéèjì a máa ráhùn. Bí ó bá ṣàdédé dín kù, tó kéré wínníwínní, tàbí tó ṣe ṣóńṣó lẹ́nu kan, oúnjẹ kò wọlé dáadáa nìyẹn. Bí ó bá rọ̀, tó sì lẹ̀ mọ́ ìdí, ọ̀rọ̀ ti kọjá eré. Ẹran yìí kò gbọdọ̀ fi odidi ọjọ́ kan gbààwẹ̀, nítorí koríko ní láti máa kọjá nínú ìfun rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí ìfun bá dúró, afẹ́fẹ́ yóò kún inú rẹ̀, ikùn yóò le bí awọ ìlù, ikú kò sì jìnnà mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e. Ẹ fi ọwọ́ kan dì í mú láyà, kí ọwọ́ kejì gbé ìdí rẹ̀. Ẹ yí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ padà kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ inú. Bí irun ibẹ̀ bá ti lẹ̀ pọ̀, ó ti ń fi nu imú nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀ nìyẹn: ọ̀fìnkìn ti wà lára rẹ̀, bí imú fúnra rẹ̀ tilẹ̀ gbẹ. Ẹ gbé e súnmọ́ etí. Bí mímí rẹ̀ bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, àyà ni. Àgbọ̀n tí itọ́ mú tutù ń sọ nípa eyín. Eyín rẹ̀ kì í dẹ́kun híhù, koríko tó ń jẹ ló ń lọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń fi búrẹ́dì nìkan bọ́ ọ, eyín yóò gùn títí yóò fi máa gún un ní ahọ́n. Omi funfun tó ń yọ lójú rẹ̀ nígbà tó bá ń tọ́jú ara kì í ṣe àìsàn, ó fi ń fọ ojú ni. Ojú tó bá rì wọnú, tí ìpin dì í, ni kó dẹ́rù bà yín.

Mo fọkàn tán òṣùwọ̀n ju gbogbo èyí lọ. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alákéèkì fi ń wọn fúláwà, tí ẹ lè rà ní Ọjà Ńlá, ti tó. Gíní-pìgì tó ti dàgbà sábà máa ń wà láàárín 700 sí 1,200 gíráàmù. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Irun rẹ̀ pọ̀, ó lè bo egungun mọ́lẹ̀ lójú ẹni. Kò lè bò ó lójú òṣùwọ̀n.

Ní 1907, ní ilẹ̀ Norway, Axel Holst àti Theodor Frølich fi oúnjẹ ọkà nìkan bọ́ gíní-pìgì. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú ara wọn, eyín wọn ń mì: àrùn kan náà tó ti ń pa àwọn atukọ̀ òkun láti ayébáyé. Ẹran kékeré yìí, bíi tàwa ènìyàn, kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀. Ajá ń ṣe é, ewúrẹ́ ń ṣe é, adìyẹ náà ń ṣe é, ìyẹn ni oúnjẹ adìyẹ kò fi tó fún gíní-pìgì. Bí ẹ bá rí i tó ń lọ́ra láti rìn, tí oríkèé rẹ̀ wú, tí irun rẹ̀ ṣe wúruwùru, ẹ bi ara yín léèrè ohun tó ń jẹ. Mílígíráàmù 10 sí 30 lójúmọ́ ló nílò fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ègé gúáfà kékeré kan lè ṣe é, nítorí fítámì C inú gúáfà tó ìlọ́po mẹ́rin ti ọsàn.

Ooru náà wà níbẹ̀. Ẹran òkè tútù ni, a sì gbé e wá sábẹ́ páànù ní etí odò Ọya. Bó bá nà gbalaja, tó ń mí wìnnìwìnnì, ẹ gbé e síbòji, kí ẹ fi aṣọ tó tutù nu etí àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ má da omi yìnyín lé e lórí.

Ohun tó ń dùn mí jù rèé. Ọjà oògùn Ogbo Ogwu, ní Bridgehead níhìn-ín ní Onitsha, wà lára àwọn tó tóbi jù ní Nàìjíríà. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oògùn, tì í pa ní 2007, wọ́n tún tì í pa ní oṣù Èrèlé 2025, ṣùgbọ́n àṣà ríra oògùn láìrí dókítà kò bá ilẹ̀kùn náà tì. Bí ọmọ bá wúkọ́, a ó ra amoxicillin. Bí gíní-pìgì bá sín, a ó tú kápúsù kan náà sínú omi fún un. Láti 1943 ni àwọn onímọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé penicillin ń pa ẹran yìí, ampicillin àti amoxicillin sì jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Àwọn kòkòrò rere inú ìfun tó ń bá a jẹ koríko ni oògùn náà ń pa run. Àwọn búburú a gba ilé, wọn a tu májèlé, ìgbẹ́ gbuuru a dé, ọjọ́ díẹ̀ sí i ẹran ti kú. Ẹni tó ni ín yóò ní àìsàn ló pa á. Oògùn ni.

Oògùn mìíràn wà tí ara rẹ̀ lè gbà, dókítà ẹran ló sì mọ̀ ọ́n. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Nàìjíríà wà ní Nsukka, kò jìnnà kọjá ohun tí a lè lọ. Ẹ gbé e sínú páálí tó ní ihò, kí koríko tútù wà níbẹ̀ fún un, nítorí ebi kò gbọdọ̀ pa á lójú ọ̀nà. Ẹ di ìgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ dání, àti ìwé tí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí. Bí kápúsù bá ti wọ ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ mú páálí oògùn náà lọ́wọ́, kí ẹ sọ iye tí ẹ fún un àti ọjọ́ tí ẹ fún un, láìfi ohunkóhun bò.