Etíkun Tí Ọ̀rẹ́ Mi Fẹ́ràn
Ẹ̀yin ìyá ọmọ, láìpẹ́ yìí mo tún dé Victoria Island ní Èkó. Bar Beach tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ìgbà èwe ti máa ń ṣeré kò sí mọ́. Wọ́n ti fi iyanrìn dí òkun níbẹ̀, Eko Atlantic ni wọ́n ń kọ́ lé e. Ibẹ̀ ni omi ti gbé e lọ. Òmùwẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òmùwẹ̀ náà ní í bómi lọ: ó bá ìṣàn tí ń fà á sí agbami jà títí agbára rẹ̀ fi pin. Bí irú rẹ̀ bá fà yín, ẹ wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun títí yóò fi tú yín sílẹ̀, kí ẹ tó kọrí sí ilẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ń bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ kọ́ bí a ti ń wẹ̀. Mo ti gbà. Ṣùgbọ́n kò ní dá wẹ̀, kò sì ní jẹ́ nínú òkun.