Efínrín Ẹnu Ọ̀nà

Ará etí omi ni wá ní Mákùn-Omi. Ọ̀sà ló ń bọ́ wa; ẹja inú rẹ̀ là ń jẹ, òun náà là ń tà. Irà tó yí ọ̀sà yìí ká ló sì ń bí ẹ̀fọn fún wa. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, tí atẹ́gùn orí omi dáwọ́ dúró, ẹni tó bá jókòó síta á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pá, pá, pá. Àlejò a máa wá àwáwí sá wọlé. Ọmọ onílé kì í sá ní tirẹ̀, torí inú ilé gbóná, ìta la sì ti ń sọ̀rọ̀.

Níbòmíràn, wọ́n ti gbìyànjú láti lé omi lọ kí ẹ̀fọn lè dín kù. Ní 1897, dókítà Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni William MacGregor, dókítà tó ṣe gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, bẹ̀rẹ̀ sí í la kòtò kí omi irà lè ṣàn kúrò nílùú, ó sì ń pín kiníìnì fáwọn èèyàn. Iṣẹ́ rere ló ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni yóò la kòtò fún ọ̀sà? Ẹ̀yà ẹ̀fọn kan tiẹ̀ wà, Anopheles melas, tó jẹ́ pé inú omi oníyọ̀ etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ti ń pamọ. Àwọn ìyá wa kò bá omi jà. Ewé ni wọ́n gbìn sẹ́nu ọ̀nà.

Efínrín ni mò ń sọ, efínrín ńlá tí a ń já sínú ọbẹ̀, tí a sì ń gún fún ẹni tí inú ń run. Ẹ já ewé rẹ̀ kan kí ẹ nà án sókè sí oòrùn. Ẹ ó rí àmì wínníwínní káàkiri ara rẹ̀, bí ẹni fi ẹnu abẹ́rẹ́ gún un. Àpò òróró ni àwọn àmì yẹn. Bí ewé bá dúró jẹ́ẹ́ lórí igi, ìwọ̀nba òórùn ló ń ti ibẹ̀ jáde. Ìgbà tí nǹkan bá gbá a, tí ọwọ́ bá rún un, tàbí tí iná bá mú un, ni òórùn yẹn tó tú síta gidi.

Ìyá mi àgbà kò ka ìwé kankan lórí èyí, ṣùgbọ́n bó ṣe ń lo efínrín fi hàn pé ó mọ̀ ọ́n. Kì í kọjá lára rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kó má fi ọwọ́ gbá a. Á já ẹ̀ka díẹ̀ láàárọ̀, á sá a sórí pẹpẹ, kó rọ, kó má gbẹ tán. Èyí tó bá gbẹ tán, iná ló máa ń gbé e, kì í rú èéfín. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, á kó ẹyin iná sínú àpáàdì, á to ewé náà lé e pẹ̀lú èèpo ọsàn gbígbẹ, á wá gbé e la ọ̀dẹ̀dẹ̀ já láti yàrá dé yàrá. Kò sí ọmọ kankan tó lè wà nínú ilé lásìkò yẹn. Ó di ìgbà tí èéfín bá ti lọ tán, tó ku òórùn nìkan, kó tó pè wá wọlé. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí mo ti rí àwọn tó ń fín ọmọ ọwọ́ mọ́nú yàrá títì. Èéfín ewé náà èéfín ni, kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọ.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní London ló jẹ́ kí n tún ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́: ewé kan tó gbìn sínú ìkòkò lẹ́yìn ilé ìdáná, tí ológbò aládùúgbò sì nà gbalaja lé lórí. Catnip ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, wọ́n sì ní ó ń lé kòkòrò. Mo wo fọ́tò yẹn dáadáa. Igi rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ewé rẹ̀ ń kojú ara wọn ní méjì-méjì, etí ewé ní eyín wẹ́wẹ́. Ẹbí kan náà ni òun àti efínrín.

Ohun tó wà nínú catnip ni nepetalactone. Ní 2001, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà ròyìn pé ní yàrá ìwádìí, ó lé ẹ̀fọn ju DEET lọ, oògùn tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ṣe ní 1946. Bó bá di orí awọ ara èèyàn, kì í pẹ́ tó DEET. Ní 2021, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà àti ti Lund ní Sweden rí ìdí tó fi ń lé ẹ̀fọn: ewé yìí ń ta ibì kan lára ẹ̀fọn tó fi ń mọ ohun tó ń dunni, TRPA1 lorúkọ rẹ̀. Tiwa èèyàn ò gbọ́ ọ rárá. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn tó wà ní Yunifásítì Iwate ní Japan fi hàn pé ológbò tó bá fi ara ra irú ewé bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bà lé e mọ́. Ní 2022 ni wọ́n wá sọ èyí tó dùn mọ́ mi jù: bí ológbò ṣe ń jẹ ewé náà, tó ń tẹ̀ ẹ́ fọ́, ló ń jẹ́ kí òórùn rẹ̀ di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Ọwọ́ tí ìyá mi àgbà fi ń gbá efínrín, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Àbúrò mi bi mí bóyá kó fi irúgbìn catnip ránṣẹ́ sílé. Mo ní rárá. Ilẹ̀ Yúróòpù àti Éṣíà ló ti wá, ooru àti ọ̀rinrin tiwa kò bá a lára mu bíi ti efínrín, èyí tó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ n kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ní 2002, àwọn olùwádìí ní ìwọ̀-oòrùn Kenya gbé ìkòkò ewé kan tó jẹ́ ìbátan efínrín, Ocimum americanum, sínú ahéré ìdánwò, wọ́n sì tú ẹ̀fọn ibà síbẹ̀. Ó lé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá padà. Mẹ́fà yòókù kò padà. Ẹ̀fọn kan ṣoṣo sì tó láti gbé ibà dé. Nínú nǹkan bí 608,000 èèyàn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ibà pa ní 2022, ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú ní Nàìjíríà. Ní Áfíríkà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú òkú wọ̀nyí. Lójú èyí, ẹni tó bá ní efínrín ti tó òun, kí òun ká nẹ́ẹ̀tì kúrò lórí ibùsùn, ń fi ọmọ wéwu.

Bí mo ṣe ń rò ó nìyí: ẹ̀fọn ibà ń jẹ èèyàn jù lóru, nígbà tí ojú ti wọra. Aago yẹn, nẹ́ẹ̀tì ló ni ín. Efínrín ló ni ìrọ̀lẹ́, láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí a ó fi sùn, tí a ṣì wà níta tí nẹ́ẹ̀tì kò lè bá wa débẹ̀. Wákàtí mélòó kan péré ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ la ti ń jẹun, tí a ti ń parí ìjà, tí ọmọ ti ń bá àgbà jókòó.

Ohun tó ń dùn mí ni pé a ti ń fi sìmẹ́ńtì àti íntálọ́kì bo iwájú ilé wa tán. Obìnrin tó ń ra efínrín lọ́jà fún ọbẹ̀ kò ní ìdí rẹ̀ kan nílé, kọ́ìlì ẹ̀fọn ló sì ń tàn lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, efínrín kò gba ilẹ̀ tó ẹní: ihò kan láàárín íntálọ́kì tó, garawa tó ti jò náà tó. Kí èèyàn máa já òdòdó rẹ̀ kó tó so, kí ewé lè pọ̀.

Ìyàwó ilé kejì wá tọrọ efínrín lọ́wọ́ mi, mo sì hú ọmọ rẹ̀ mẹ́ta fún un pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí wọn. Ó fẹ́ lọ gbìn ín sí ìdí ọgbà lẹ́yìnkùlé, níbi tí ilẹ̀ ti dára. Mo ní kó mú un wá sẹ́bàá àtẹ̀gùn, lápá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wọlé, kó sún mọ́ ojú ọ̀nà débi pé ìró rẹ̀ á máa gbá a nígbàkigbà tó bá ń wọlé.