Àlàfo Tó Wà Nínú Oríkèé

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, jíìpù tí ìjọ wa fi ń gbé àwọn àgbà lọ sí ìrun Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbà nígbàkígbà tí a bá yí jíà láti iwájú sí ẹ̀yìn. Láìṣe ìwádìí, a dá arákùnrin tó ń wà á lẹ́bi pé ìwàkuwà rẹ̀ ló bà á jẹ́. Mẹkáníìkì kan ní kí a pààrọ̀ gbogbo jíà ẹ̀yìn. Owó sàdákà ọwọ́ wa kò sì tó ìdajì rẹ̀.

Kí a tó yá owó, a pa ẹ́ńjìnnì, a fi igi há gbogbo táyà, a wọ abẹ́ ọkọ̀, a sì ń fi ọwọ́ yí ọ̀pá propeller síwá sẹ́yìn. Oríkèé kọ̀ọ̀kan ni a ń wò: bí apá kan bá yí tí èkejì kò tíì mira, àlàfo wà níbẹ̀. Jíà ẹ̀yìn ní àlàfo díẹ̀, nítorí eyín jíà kò gbọdọ̀ fún pinpin. Ṣùgbọ́n oríkèé ẹ̀yìn, tí mẹkáníìkì ń pè ní cross, ti jẹ. Lẹ́búlẹ́bú ìpata pupa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Òun nìkan ni a pààrọ̀, ariwo sì dákẹ́.

Súrà Al-Hujurāt, āyà 6, pa á láṣẹ pé kí a wádìí, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe ènìyàn níbi. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a kò sì lò ó. A tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ arákùnrin wa. Ó ní òun ti yàfi fún wa tipẹ́. Kí Allāhu yàfi fún wa pẹ̀lú. Àmín.