A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi lọ sí ìpàdé àpérò àwọn oníṣègùn, ẹ óò rí i bí wọ́n ti ń fárí wa nígbà tí a ò sí níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Ṣàngó Ọ̀tà. Ohun tí àwọn obìnrin kò lè sọ létí ọ̀gá, èmi ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ẹni tó lóyún oṣù mẹ́ta ń dúró nídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́. Òórùn kẹ́míkà ń mú ẹlòmíràn bì. Omi ọmú ń ro sí aṣọ iṣẹ́ abiyamọ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ké nílé.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pe àpérò kan lórí ìlera òṣìṣẹ́. Mo ka ìwé ètò síwá sẹ́yìn. Ọkùnrin ni alága, ọkùnrin sì ni gbogbo àwọn tí yóò dá wa lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn obìnrin ńkọ́? Wọ́n wà jàre! Dókítà obìnrin kan ló gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, òmíràn ló dúpẹ́ níkẹyìn, àwa nọ́ọ̀sì sì wà lẹ́nu ọ̀nà, à ń kọ orúkọ àlejò. Wọ́n sọ̀rọ̀ ariwo ẹ̀rọ tó ń di etí, wọ́n sọ ti eruku tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ti aláboyún, wọn ò fẹnu kàn án rárá. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra wa o. Ohun tí kò bá ti ṣe ara ẹni rí kì í pẹ́ gbàgbé ni.

Nígbà tí ìpàdé tú, mo tọ akọ̀wé wọn lọ, ọ̀dọ́ dókítà kan tó mọ̀wà hù.

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò rí obìnrin kankan tó lè sọ̀rọ̀ ni?”

“Màmá, a wá wọn títí, a ò rí.”

“Ẹni tó gbàdúrà yẹn, ṣebí òun ló ń gbẹ̀bí ìyàwó àwọn òṣìṣẹ́ wa?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ ti mú mi.”

Ṣé wọn ò rí ni, àbí wọn ò wò? Láti 1929 ni Agnes Yewande Savage ti gboyè dókítà ní Edinburgh. Elizabeth Abímbọ́lá Awólíyì gba tirẹ̀ ní Dublin ní 1938, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Ní July 2014, nígbà tí Ebola wọ Èkó, Dókítà Stella Ameyo Adadevoh ló fura, tó sì kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn náà kò ní í jáde ní ọsibítù. Àrùn yẹn ló pa òun náà ní 19 August. Nígbà tó fi di October, wọ́n kéde pé Ebola ti kúrò nílẹ̀ wa. Bí ọkùnrin rí ejò, bí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú.

Ní ilẹ̀ Àwórì níbí, bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde, ọkùnrin ló ń wé gèlè, tó ń jó láti fi yẹ́ àwọn ìyá sí. Ìyẹn dára lójú agbo. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ìlera, ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò àpérò, ẹ kọ orúkọ obìnrin sílẹ̀ kí ìwé ètò tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ẹ tètè sọ fún un, kó lè wá ẹni tí yóò bá a mójú tó ọmọ. Ẹ̀yin dókítà obìnrin, bí wọ́n bá pè yín, ẹ má ní kí wọ́n lọ pe ọ̀gá yín. Kì í ṣe torí oyè ni mo fi ń wí o. Aláboyún kan wà nídìí ẹ̀rọ ní Ṣàngó, ó ń retí ẹni tí yóò bá òun sọ ọ́.