Agége Ṣáájú Agboyi

Ọmọ kíláàsì kẹrin kan ló rí àṣìṣe náà. A jókòó nítòsí èbúté ní Agboyi, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já èrò sílẹ̀ láti ìhà Kétu, mo sì pín ìwé orúkọ àwọn àdúgbò Èkó fún àwọn ọmọ tí à ń kọ́ ní Yorùbá kíkà. Ètò kọ̀ǹpútà kékeré tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jọ kọ ló to orúkọ náà. Ọmọ yìí fi ìka lé ìlà méjì. "Bùrọ̀dá, Agboyi kọ́ ló yẹ kó ṣáájú Agége. G ló ń ṣáájú gb."

Òótọ́ ló sọ. Nínú ábídí tí gbogbo wa fi orin kọ́, gb kì í ṣe g àti b tó fara kanra. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Kọ̀ǹpútà wa kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rí b, ó rí e, ó tò wọ́n bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń tò ó. Èyí tó tún burú jù ni pé ó kó Ṣómólú, Ẹ̀pẹ́ àti Ọgbà lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn Yábàá, nítorí pé nọ́ńbà tí Unicode fún lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ ga ju ti àwọn tí kò ní lọ. Ó dùn mí. Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láti ọdún 1843. Ní 1875 àwọn àgbà péjọ ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí. Kí ètò tí ọmọ Yorùbá kọ wá tú iṣẹ́ wọn ká láìmọ̀, ìyẹn kò ṣe é gbójú fò.

Bẹ́ẹ̀ òfin tó yẹ wà nílẹ̀. ICU, ètò open source tí IBM tú sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 1999, tó sì wà lábẹ́ Unicode Consortium láti 2016, mọ ábídí wa: ẹ tẹ̀lé e, gb tẹ̀lé g, ọ tẹ̀lé o, ṣ tẹ̀lé s. Àwa ni kò pè é.

Mo fẹ́ fojú ara mi rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, mo bá fa kóòdù rẹ̀ wálé. Mo tẹ runConfigureICU, kó yẹ ẹ̀rọ mi wò bóyá gbogbo ohun tó nílò pé. Mo tẹ make, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kóòdù náà di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, fáìlì kan lẹ́yìn èkejì, títí kọ̀ǹpútà mi fi gbóná bí ààrò. Nígbà tó parí, mo tẹ make check. Ìdánwò bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú mi bí òjò: ti déètì, ti owó, ti títo ọ̀rọ̀, OK, OK, OK. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ wọ́n, mi ò ní rí wọn láéláé. Síbẹ̀ ohun tí oníkálukú wọn mọ̀ nípa èdè rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń ṣọ́nà.

Unit test kò ju ìbéèrè kan àti ìdáhùn rẹ̀ lọ. Èyí tí mo kọ fún ètò tiwa rèé: gba Agége àti Agboyi; bí Agége kò bá ṣáájú, kígbe. Mo tún kọ ti Ọgbà àti Yábàá. Ẹ̀kẹta le díẹ̀. Ẹnìkan lè kọ Ẹ̀ nípa fífi àmì ohùn lé Ẹ, ẹlòmíràn a fi àmì abẹ́ sí È. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ Ẹ̀pẹ́ di ìlú méjì, àfi tí a bá kọ́kọ́ sọ méjèèjì di ẹyọ kan náà.

N kò tíì fi òfin Yorùbá sí i tí mo fi ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kíní. Mo fẹ́ kó kùnà. Ìdánwò tí n kò rí kó kùnà rí, n kì í fọkàn tán an. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ́n lójú ẹ̀rọ. Mo wá pe òfin wa wọlé, mo tún Ẹ̀pẹ́ ṣe, wọ́n kọjá.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹlẹgbẹ́ wa kan tó jẹ́ ọmọ Bìní fẹ́ kí ètò náà yára sí i. Ó yọ ìlà kan tó dà bíi pé kò wúlò. Ìdánwò kígbe mọ́ ọn: Agége gbọ́dọ̀ ṣáájú Agboyi. Kò gbọ́ Yorùbá, ó pè mí. Mo ṣàlàyé gb fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní lẹ́tà vb wà ní èdè Ẹdó náà, pé ẹyọ kan ni àwọn náà ń kà á sí. Ó dá ìlà náà padà kí alẹ́ tó lẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó fi ìdánwò tirẹ̀ ránṣẹ́, ti vb. Ó pọ́n. A ò tíì fi òfin Ẹdó sí i.